Kùkúmbà Tí Mo Fi Bo Ọtí Mọ́lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe àmín. Àfáà, ẹ dákun, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Mo mọ̀ pé torí tèmi ni gbogbo yín ṣe pé jọ sábẹ́ kánópì yìí láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí ẹ lè fi àdúrà sìn mí lọ sí Mẹ́kà. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́nà ọ̀fun mi tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́fà, àkókò sì ti tó kó jáde. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bá mi wọ inú rẹ̀, mo kàn ń lọ pòòyì lásán ní Káábà ni. Ẹ gbé àga yẹn kúrò, Àǹtí Nimotallahi, mi ò ní jókòó. Tí mo bá jókòó, ẹ̀rù lè bà mí, kí n má sọ ọ́ tán.

Ṣé ẹ rí obìnrin tó wọ àdìrẹ, tó jókòó sẹ́yìn pátápátá yẹn, tí ẹ̀yin kan ti ń wò tìfura-tìfura látìgbà tó ti dé? Felicia ni, Ìyá Diamond. Èmi ni mo pè é. Mo gbọ́ nígbà tí ẹnì kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ló pe ìyẹn wá síbí? Ṣé kì í ṣe òun ló fún àwọn àfáà lọ́tí mu níbi ìsoyìgì Nafeesah ni?" Òun náà gbọ́, ó kàn ń wo ilẹ̀ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe òun. Èmi ni. Èmi Ṣùkúrátù, Ìyá Ìdrís, tí ẹ máa ń tì síwájú tí ẹ bá ń wá olóòótọ́ èèyàn, èmi ni mo po ọtí yẹn, èmi náà ni mo sì di ẹrù rẹ̀ lé e lórí. Ẹ má pariwo. Alhaji Ọláyanjú, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ bí mo ṣe burú tó, ẹ ní láti mọ bí Felicia ṣe dára sí mi tó. Bulọ́ọ̀kù kan náà la jọ ń gbé ní Jakande níbí, òun lókè, èmi nísàlẹ̀, níbi tí mo ti ń ta mínírà tútù lójú fèrèsé. Ọmọ Ìkìrun ni, mo sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ ní báà òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà, lábẹ́ bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Abórìṣàdé, tó ti ń po ọtí fún àwọn èèyàn ńlá láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì náà kógbá sílé, Felicia wà nílé láìníṣẹ́. Èmi ni mo lọ bá a. Mo ní, "Ìyá Diamond, o mọ ohun mímu pò, èmi ní fírísà, àwọn Alhaja sì mọ̀ mí. Jẹ́ ká jọ máa po kọkitéèlì fáwọn tó bá ń ṣe ìnáwó." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ mi. Láìpẹ́ láìjìnnà, láti Ìsọlọ̀ títí dé Òṣòdì, tí wọ́n bá ti fẹ́ sọmọ lórúkọ tàbí gbéyàwó, wọ́n á wá wa wá. Ẹ ó bi mí pé kí ni Mùsùlùmí ń wá nídìí ọtí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nígbà náà ni pé èmi ò mu ún, èmi ò pò ó, yìnyín ni mo ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

Tí Felicia bá ń po nǹkan, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bàbá Abórìṣàdé kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ po ohun mímu tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ ibi tí nǹkan ti wá, á bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Felicia ṣe ń kọ́ èmi náà. Ó ní kọkitéèlì ayé àtijọ́ kò ju ohun mẹ́rin lọ: ọtí líle, ṣúgà, omi, àti bítà díẹ̀, oje egbò àti èèpo tó korò. Nígbà tí àwọn ọlọ́tí Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í da oríṣiríṣi mọ́ ọn, àwọn àgbà oníbàárà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní tàtijọ́ ni kí wọ́n po fún àwọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Old Fashioned títí dòní. Ó ní Daiquiri, ọmọ Kúbà ni, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń wa irin nínú ilẹ̀: rọ́ọ̀mù, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà, kí a gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú yìnyín, ó parí. Jíìnì àti tóníìkì ní tirẹ̀, ibà ló bí i. Àwọn ṣọ́jà òyìnbó ní Íńdíà ní láti máa mu oògùn ibà kan tó korò bí ewúro, òun ló wà nínú tóníìkì, wọ́n wá ń fi jíìnì àti ṣúgà tàn án gbé mì. Mo ní, "Felicia, àgbo ibà olọ́tí tí wọ́n ń tà ní Bọ́ládé náà kọ́ nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìdrís, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan kàn wọ kóòtù ni."

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mọ̀ wá mọ̀ jù ni Chapman, tiwa-n-tiwa, èyí tí wọ́n ní kíláàbù kan ní Ìkòyí ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó. Fáńtà, Sípíráìtì, omi ṣúgà pupa, ọsàn wẹ́wẹ́, kùkúmbà, àti ẹ̀kán bítà mélòó kan. Gbogbo ayé ló ń sọ pé kò sí ọtí nínú rẹ̀, àwa Mùsùlùmí náà sì ń mu ún fàlàlà. Felicia ló là mí lójú pé ọtí ni wọ́n fi ṣe bítà yẹn. Mo ní ẹ̀kán mélòó kan kò lè ṣe nǹkan. Ó ní, "Rárá o, Ìyá Ìdrís. Tí mo bá ti fẹnu mi sọ fún Mùsùlùmí pé kò sí, kò gbọdọ̀ sí." Ló bá lọ ṣe tirẹ̀: èèpo òrombó, kànáfùrù àti ìsápá, ó bọ̀ wọ́n papọ̀, ó sẹ́ ẹ, ìyẹn ló ń kán sí i dípò bítà. Onígbàgbọ́ ló ń bá mi ṣọ́ ẹ̀sìn mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ó tún wá ṣe òfin kan. Gbogbo jọ́ọ̀gì tí kò lọ́tí ló máa ń fúnra rẹ̀ tọ́ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, torí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe, ẹni tó gbé ohun mímu síni níwájú ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Èyí tó bá ti tọ́ wò ló ń fi kùkúmbà sí lórí. Ewé mínǹtì ló ń fi sí olọ́tí. Kùkúmbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu Felicia. Gbogbo Alhaja Ìsọlọ̀ ló mọ̀ ọ́n: tí ẹ bá ti rí kùkúmbà, ẹ máa mu, ẹ ò ní béèrè.

Ẹ wá lè ní kí ló dé tí mo fi dalẹ̀ rẹ̀. Ìlara ni. Mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn. Tí a bá dé òde, Felicia ni wọ́n á gbé àga fún, èmi ni wọ́n á ní kó lọ wo yìnyín. "Ẹ bá wa pe Ìyá Diamond." "Ìyá Diamond ti dé!" Fírísà mi ni o, èmi ni mo lọ bá a, àmọ́ òun ni ojú wọn ń rí. Felicia ò jẹ̀bi nǹkan kan níbẹ̀, ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ìyá Ìdrís lọ̀gá mi o." Ìyẹn gan-an á tún wá bí mi nínú. Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí mo jẹ́: ọ̀wọ̀ tó ń bù fún mi ń bí mi nínú.

Ọjọ́ ìsoyìgì Nafeesah wá dé, ọmọ Alhaji Ìsmáílà Ọláyanjú tó ń ta pákó l'Óṣòdì, tó jókòó níwájú mi yìí. Ọ̀sán gangan ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀ níbí. Yìgì ti so. Àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàmsúdéènì ọkọ ìyàwó rọra wá bá Felicia pé àwọn mú ìgò fọ́díkà kan wá, kó bá àwọn dà á sí tàwọn. Felicia ní, "Òde Alhaji lèyí. Ọtí ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ má bínú." Wọ́n yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà láṣẹ níbí, àbí yìnyín lẹ kàn ń bá wọn gbé?" Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí ju agbọ́n lọ. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ni iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ jókòó."

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Mo gbé jọ́ọ̀gì Chapman kan dání, mo da ìdajì rẹ̀ nù, mo sì da fọ́díkà sí i. Felicia fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé fọ́díkà ni ọtí tí kì í fojú hàn. Kò láwọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ lóòórùn, ohun tó bá dùn máa bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ni mo lò. Ó wá ku bí mo ṣe máa gbé e gba ojú rẹ̀ kọjá. Tí mo bá fi mínǹtì sí i, ó máa béèrè ta ló po ọtí. Tí mo bá gbé e lásán, ó máa tọ́ ọ wò. Àmì kan ṣoṣo ló wà tí kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú ọ̀bẹ. Mo ń wẹ̀yìn, mo fìkánjú gé kùkúmbà, mo sì tò ó sórí jọ́ọ̀gì ọtí náà. Mo gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì, mo ń dúró kí àwọn ọmọkùnrin yẹn wá gbé e. Wọn ò tètè wá.

Ẹnì kan pariwo láti iwájú pé àwọn àfáà ò tíì rí nǹkan mu. Kí n tó yí ojú, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ti na ọwọ́ sí èyí tó wà ní ìpẹ̀kun tábìlì. Ó rí kùkúmbà, ó gbé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i tó ń gbé e lọ. Kò jìnnà. Bí mo bá pè é, á gbọ́. Mi ò pè é. Ohun tí mo ń rò ni pé tí mo bá pariwo, Felicia máa mọ̀, àwọn èèyàn máa mọ̀, ojú á tì mí. Mo ní bóyá wọn ò ní mu ún. Mo ní bóyá díẹ̀ ni wọ́n máa mu. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ìmáàmù wa, Àfáà Jímọ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Wọ́n ti wàásù títí, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n. Wọ́n gbé ife, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n mu ún tán. Bísímílà o! Wọ́n wá rí mi níbi tí mo dúró sí bí òpó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, "Ìyá Ìdrís, ohun mímu yín tòní dùn o. Ó ń ta lọ́fun díẹ̀. Ṣé ata ilẹ̀ lẹ fi sí i ni?" Àyè ìrònúpìwàdà nìyẹn, Ọlọ́run ló fi síwájú mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àfáà, ata ilẹ̀ ni." Wọ́n ní kí wọ́n bu ife kejì fún wọn.

Bàbá ọkọ ìyàwó ló tú àṣírí náà. Wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n tu ú dà sílẹ̀, wọ́n fò dìde. "Ọtí ni! Ọtí lẹ fún àfáà mu!" Gbọ̀ngàn dàrú. Alhaji Ọláyanjú, ẹ rántí bí ẹ ṣe ké pé, "Ta ló po èyí?" Gbogbo ojú yí sí Felicia, torí òun nìkan ni onígbàgbọ́ tó wà nídìí tábìlì. Felicia wá, ó bu díẹ̀ nínú jọ́ọ̀gì náà, ó tọ́ ọ wò. Ó mú kùkúmbà kan lórí rẹ̀, ó gbé e sókè. Ó ní, "Alhaji, ẹ wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi kọ́ ló gé èyí. Tèmi máa ń tín-ín-rín. Èyí nípọn." Lẹ́yìn náà ló wá wò mí. Ó ti mọ̀. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹnì kan ní, "Ẹ fi kùkúmbà sílẹ̀, kèfèrí ni." Ẹlòmíì ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, kí Ìyá Ìdrís búra, kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń jí mi lójú oorun. Wọ́n gbé Kùránì wá. Mi ò ní àlùwàlá. Ọtí ṣì wà lọ́wọ́ mi níbi tó ti dà sí mi lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Mo gbé ọwọ́ yẹn lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, mo ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọtí yìí. Felicia ló máa ń po gbogbo ẹ̀." Gbogbo yín ké pé, "Ó tán!" Felicia ò pariwo, kò bú mi. Ó kàn pè mí. Ó ní, "Ṣùkúrá." Látọjọ́ tá a ti mọra, kò pè mí lórúkọ rí, Ìyá Ìdrís ló ń pè mí, "ẹ̀yin" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Orúkọ yẹn nìkan ló sọ. Mo ń gbọ́ ọ títí di àárọ̀ yìí.

Wọ́n tì í jáde. Wọ́n fọ́ àwọn ife rẹ̀. Agolo onírin tí wọ́n fi ń gbọn ọtí, èyí tí Bàbá Abórìṣàdé fà lé e lọ́wọ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Àfáà Jímọ̀ bomi yọ ẹnu, wọ́n tún bù ú, wọ́n yọ ọ́, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má nà án. Ẹni tí kò mọ̀ tó mu kò jẹ̀bi. Mo foríjì obìnrin yẹn." Ẹ̀yin ò rí ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n ni wọ́n foríjì. Èmi tí mo ṣẹ̀ wọ́n, mo dúró níbẹ̀, mi ò rí tèmi gbà. Wọ́n ti kú báyìí. Níbo ni mo fẹ́ bá wọn?

Felicia ò ríṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ mọ́. Òun àti Diamond kó kúrò ní Jakande. Èmi wá ń bá iṣẹ́ lọ. Chapman tí ẹ máa ń mu lọ́dọ̀ mi, tí ẹ ó ní, "Ìyá Ìdrís, ọwọ́ yín dáa," ọwọ́ Felicia ni. Èèpo òrombó rẹ̀ ni, kànáfùrù rẹ̀ ni. Mo lé e lọ tán, mo wá ń jẹun lórí ìmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Ìdrís ọmọ mi ní òun fẹ́ rán mi lọ sí Mẹ́kà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé bí ẹni tó ń lọ Hájì ṣe ń ṣe. "Ohunkóhun tí mo bá fi ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí." Gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń ní, "A ti foríjì yín, Ìyá Ìdrís, kí lẹ tiẹ̀ ṣe?" Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àfáà, opó Àfáà Jímọ̀. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin wo? Ẹ ò ṣẹ̀ wá. Obìnrin onígbàgbọ́ yẹn ló ṣẹ̀ wá. Bàbá foríjì í kí wọ́n tó lọ, àmọ́ èmi ò tíì foríjì í." Ìyá, mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Mo ti gbààwẹ̀ nítorí ìbúra yẹn, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò. Ẹ̀tọ́ Ọlọ́run wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ Felicia ń bẹ lọ́wọ́ Felicia. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bọ́ládé ni mo ti rí i, ó ń ta sóbò tútù lẹ́bàá títì. Ibi tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn tó ń wọkọ̀. Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Ìyá Ìdrís, ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí. Ìforíjì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ojú gbogbo ayé lẹ ti bà mí jẹ́. Ojú gbogbo ayé ni kẹ́ ẹ ti tún mi ṣe, lẹ́yìn náà ni màá mọ ohun tí ọkàn mi sọ." Ìdí tí mo fi pe gbogbo ẹni tó wà níbi ìsoyìgì yẹn nìyí, kì í ṣe tàdúrà nìkan.

Ìyá Àfáà, ẹ foríjì mí. Alhaji, Nafeesah ọmọ mi, mo ba ọjọ́ yín jẹ́, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbí, ẹ wo àgbà tó ń sunkún. Tí ẹnì kan bá ti fi orúkọ rere rẹ̀ ṣe àmì sórí nǹkan, ẹ má fi àmì yẹn bo ìdọ̀tí tiyín. Èké lè gbé yín kọjá lójú èèyàn lọ́jọ́ kan, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa bá a sùn.

Felicia, ife kan rèé. Èmi ni mo pò ó láàárọ̀ yìí. Kò sí bítà níbẹ̀. Èèpo òrombó ni, kànáfùrù ni, ìsápá ni. Ẹ wò mí gbogbo yín, mo ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mi ò fi kùkúmbà sí i. Kò tọ́ sí mi mọ́. Ó wà nínú àwo kékeré yìí, mo gé e tín-ín-rín bó o ṣe kọ́ mi. Mo gbé e wá bá ọ, mo sì kúnlẹ̀, èmi àgbà rẹ. Bí o bá lè foríjì mí, fi ọwọ́ ara rẹ gbé kùkúmbà sí i kí gbogbo wọn rí i. Bí o kò bá lè ṣe é, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní bínú, mi ò sì ní wọ ọkọ̀ òfurufú náà lọ́jọ́bọ̀.

Ó ti gbé ife náà. Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń tọ́ ọ wò. Ó ní kànáfùrù ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni, Felicia, ó pọ̀ jù, ọwọ́ mi ò tó tìẹ láéláé. Ó ti gbé ife sílẹ̀. Àfáà, mo ní ẹ má tíì ṣe àmín. Kùkúmbà ṣì wà nínú àwo, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.